Orúkọ Mẹ́tàlélógójì Inú Kọ̀ǹpútà Àǹtí Lẹ́tà

Ní ilé-iṣẹ́ àga àti tábìlì kan báyìí, kò sí lẹ́tà tó máa wọlé tàbí tó máa jáde tí kò ní gba ọwọ́ obìnrin kan kọjá. Àǹtí Lẹ́tà ni gbogbo wọn ń pè é, látorí ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ títí dórí ẹni tó ń gbá eruku pákó nílẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí tábìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fá igi, débi pé tó bá fi máa di ọ̀sán, eruku igi á ti bo irun rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí.

Ètò í-méèlì tó ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ níbi iṣẹ́ náà tó òun fúnra rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni. Bí lẹ́tà bá wọlé, á dún bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta ife gíláàsì. Tó bá ṣí i láàárọ̀, kí ètò náà tó jí dáadáa, Àǹtí á ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́, á ti nu tábìlì, á sì ti kí èèyàn mẹ́ta kí ó tó padà wá jókòó. Kò bínú sí i. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ ẹni.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ti ń bá a sọ ọ́ tipẹ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ nǹkan yìí. Ó ti gbó."

"Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, Ìyàwó."

Oṣù tó ń bọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́ta kí lẹ́tà kan tó dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá wọn tọ́jú í-méèlì wọn. Wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù, ètò àtijọ́ yẹn kò ní lè gba lẹ́tà kankan mọ́. Àǹtí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á dé, ó tún ṣí i wò bóyá ó ti yí ọkàn padà. Kò yí i. Ló bá gbé fóònù.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ìyàwó wá sí ọ́fíìsì, ó bọ́ bàtà, ó ká apá aṣọ, ó jókòó. Àǹtí dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́tà ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kànlélógún ni wọ́n ń kó láti ilé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun, gbogbo ẹsẹ̀ tí Ìyàwó bá sì gbé ni Àǹtí ń béèrè pé, "Ṣé wọn ò ní sọnù?"

"Wọn ò ní sọnù, Àǹtí."

"Ti ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Àǹtí. Ẹ lọ po tíì."

Ibi tí Àǹtí ti ń po tíì ní igun yàrá ni Ìyàwó ti béèrè ìbéèrè kan tó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ dáhùn.

"Àǹtí, ìwé àdírẹ́sì yín yìí, ibi tó yẹ kí orúkọ àwọn èèyàn wà ṣófo. Ibi ìnagijẹ ló kún. Ṣé kí n kó ti ìnagijẹ sí ibi orúkọ ni?"

"Kó o! Gbogbo rẹ̀ ni kí o kó. Má fi nǹkan kan sílẹ̀ o!"

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìyàwó, mo ní kó o!"

Ìyàwó kì í yọjú sí nǹkan ẹni ẹlẹ́ni. Kò ka orúkọ kankan níbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìnagijẹ yìí, ó ní ìtàn. Àǹtí Lẹ́tà kì í rántí orúkọ, ìwà èèyàn ló máa ń rántí. Láti ọdún tó ti débẹ̀, tó bá fẹ́ fi àdírẹ́sì ẹnì kan pamọ́, ohun tí ẹni náà máa ń ṣe ni yóò kọ síbi ìnagijẹ. Ètò àtijọ́ kò fi í hàn fún ẹnikẹ́ni. Òun nìkan ló ń rí i, tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Oníbàárà tó ń yí àwọ̀ àga padà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Pupa-Rárá-Dúdú. Ẹni tó ń kó pákó wá ni Ó-Ti-Wà-Lọ́nà, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn tí pákó ò bá tíì kúrò nílé rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gan-an ni Ẹ-Jẹ́-N-Tún-Un-Sọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Àǹtí ṣí ètò tuntun. Ó funfun gbòò, ó yá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kó tó gbé báàgì kọ́, ó ti ṣí tán. Ọ̀gá ti ní kó ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn pé wọ́n máa ti ilé-iṣẹ́ ní Tọ́sìdeè àti Fúráìdeè, nítorí ẹ̀rọ ìfági tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó fi ọ̀wọ̀ sí i, ó yan gbogbo èèyàn mẹ́tàlélógójì tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì, ó fi ránṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó mu tíì.

Obìnrin tó ń ta fóòmù fún wọn ló kọ́kọ́ dáhùn, ó sì fi èsì náà ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn: "A ti gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Ó-Ti-Wà-Lọ́nà?"

Àǹtí wo ọ̀rọ̀ náà. Ó wo òkè lẹ́tà tirẹ̀ tó fi ránṣẹ́. Orúkọ mẹ́tàlélógójì tò síbẹ̀ gbọnrangandan, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà wọ́n. Tíì gba ọ̀nà òdì lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Kó tó wúkọ́ tán, èsì kejì ti dé: "Èmi ni. Pákó yín sì ti wà lọ́nà."

Ẹ̀kẹta: "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń bá yín ra nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yí àwọ̀ padà. Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Ẹ̀kẹrin tún jẹ́ ti oníṣòwò fóòmù: "Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ní orúkọ tó dùn. Kí ni mo ṣe yín tí ẹ fi pe tèmi ní Onífóòmù lásán?"

Àǹtí fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, bóyá ó lè fa lẹ́tà náà padà. Ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti ní ọ̀gá ń pè é.

Ọ̀gá jókòó, fóònù rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà wà níbẹ̀, ó mú rúlà lọ́wọ́, ó kọjú sí ògiri.

"Àǹtí Lẹ́tà, ẹ jókòó. Ṣé lóòótọ́ ni mo máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ?"

"Rárá, sà."

"Nítorí mi ò rò pé mo máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ. Tí èèyàn bá ti sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé, tí èèyàn bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Èjìká ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbọ̀n. Ó ní òun fẹ́ wọn ògiri náà dáadáa.

Ọ̀gá ní kí Àǹtí lọ bẹ àwọn èèyàn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì fi orúkọ gidi pe kálukú wọn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù, ọkọ̀ pákó já wọ inú ọgbà. Ó-Ti-Wà-Lọ́nà fúnra rẹ̀ ló wà á. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró sójú fèrèsé Àǹtí, ó fọwọ́ nu ojú.

"Mo dé," ló wí.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Àǹtí wí, kò lè gbójú sókè. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń bá a ra pákó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa sọ pé pákó ti wà lọ́nà tó sì máa rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Gbogbo ìyẹn kò dun Àǹtí tó ti ẹnì kan. Ìyàwó wà lára mẹ́tàlélógójì yẹn. Ohun tó sì wà lórí àdírẹ́sì tirẹ̀ ni Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tẹ́lẹ̀. Látàárọ̀, Ìyàwó kò pè, kò sì kọ nǹkan kan. Bí iṣẹ́ ṣe parí ní aago márùn-ún, Àǹtí gba ilé wọn lọ.

Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí i, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Àbúrò Àǹtí, tó jẹ́ ọkọ rẹ̀, rí ẹni tó wọlé, ló bá gbé ìwé ìròyìn bojú.

"Ìyàwó, mo ṣẹ̀ ọ́," ni Àǹtí wí kó tó jókòó. "Mi ò ní àwíjàre kankan."

"Àǹtí, èmi ni mo béèrè lọ́wọ́ yín. Mo ní ṣé kí n kó o síbi orúkọ. Mo tún ní ṣé ó dá yín lójú."

"O béèrè."

"Bí gbogbo yín ṣe ń ṣe mí nínú ẹbí yìí nìyẹn. Ẹ ó bi mí ní nǹkan, mo máa sọ, ẹ ò ní gbọ́. Tó bá wá bàjẹ́, tí mo bá ní mo mọ̀, á di pé mo ń ṣe fọ́ńté."

Àǹtí jókòó. Ó ronú padà sí òrùlé tó jò lọ́dún tó kọjá, àti ọkọ̀ tí àbúrò rẹ̀ rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó kàn ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ìyàwó ti sọ̀rọ̀ sí méjèèjì kó tó ṣẹlẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ," ló wí. "A kì í gbọ́. Ìdí tí mo fi wá nìyí, pé kí n fẹnu ara mi sọ fún ọ."

Ojú Ìyàwó rọ̀ díẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ló wí, ló bá fọwọ́ bo ẹnu wàì.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Ìyàwó ju ìrọ̀rí lu ìwé ìròyìn náà, àmọ́ òun náà ti ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí sì ń nu omijé lójú, kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín níbẹ̀. Nígbà tí ara wọn rọlẹ̀, Ìyàwó fi bí wọ́n ṣe ń ṣàtúnṣe orúkọ nínú ètò tuntun hàn án lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí tẹ́tí sílẹ̀. Ó mú bírò, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Túsìdeè, ó jókòó láti bẹ̀rẹ̀, ó sì rí i pé òun ò mọ orúkọ èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n nínú wọn. Kò sí ọgbọ́n míì, àfi kó máa pè wọ́n.

Pupa-Rárá-Dúdú pe orúkọ rẹ̀ fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ní kó dúró ná, bóyá kó yọ lẹ́tà tó kẹ́yìn kúrò, ó tún ní rárá, kó fi sílẹ̀. Onífóòmù ní òun ò fẹ́ kó fi orúkọ òun síbẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ fún òun ní ìnagijẹ tó dùn gbọ́. Bàbá tó ń ta àtè tí wọ́n fi ń lẹ pákó ní kí Àǹtí tún ìbéèrè rẹ̀ sọ.

"Orúkọ mi?" ló wá béèrè. "Èmi fúnra mi?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó pè é. Orúkọ gígùn ni, ó rẹwà, Àǹtí sì ní kó tún un pè. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá òun ṣe sọ òun lórúkọ ọ̀hún, ó sì di ìdajì wákàtí kí wọ́n tó dágbére.

Àǹtí tẹ orúkọ náà sínú ètò tuntun. Kíá, ètò náà fa ìlà pupa sí i nídìí, bí olùkọ́ tó rí àṣìṣe.

"Orúkọ èèyàn ni," ni Àǹtí sọ fún un. Ó tẹ bọ́tìnnì tó máa fi í pamọ́, ó sì tún gbé fóònù.