Èrò Mi Lórí Géèmù Tí Kò Bàjẹ́

Èmi Sewanu, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àjído, mo gbà pé kò sí géèmù tó lè ṣòro fún mi. Mo ra ọ̀kan tí ọlọ́pàá ti ń wá ọ̀daràn láàárín àwọn róbọ́ọ̀tì. Ọjọ́ mẹ́ta ni ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀ fi kọ̀, tí kò ṣí. Inú bí mi, mo kọ èrò mi sórí ìkànnì àwọn tó tà á: "Ẹ má rà á! Ó ti bàjẹ́."

Bísọ́lá, ìyàwó mi, yọjú wo géèmù náà. "Bàbá Múyìwá, ṣé ẹ ti tẹ agogo ẹnu ọ̀nà yẹn?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ogún ènìyàn ti dúpẹ́ lórí ìkànnì pé mo kó àwọn yọ. Ojú tì mí. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo kọ òótọ́: géèmù náà dùn, èmi ni mi ò lójú. Bísọ́lá ló ń fi ṣeré báyìí; èmi kàn jókòó tì í, mò ń wòran.