Àpò Kọ̀ǹpútà Tí Bàbá Mi Rán

Téèpù kì í kúrò lọ́rùn bàbá mi. Télọ̀ ni ní àdúgbò Kpakungu, ó sì máa ń wọn ohun gbogbo, títí kan búrẹ́dì tó bá fura pé wọ́n ti dín kù.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ kàwé lókè òkun fún ọdún mẹ́ta, mi ò mọ̀ bóyá kí n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi dání. Ó ti gbó, ó sì wúwo. Bàbá mi ní, "Tò, àlùmọ́gàjí nìkan ni mo mú kúrò n'Ílọrin. Oníṣẹ́ kì í fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílé." Ó wọn kọ̀ǹpútà náà, ó fi àgékù àǹkárá rán àpò fún un. Láàárọ̀ tí mò ń lọ, ó na téèpù sí èjìká mi kó lè rán okùn rẹ̀ mọ́ ọn. Mo já ara mi gbà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò ń dúró."

Mo fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Mo ní ó wúwo jù. Irọ́ ni. Àpò àgékù àǹkárá yẹn ló ń tì mí lójú.

Bàbá mi kú lọ́dún kejì, mi ò sì lè wálé wá sin ín. Nígbà tí mo dé, màmá mi gbé àpò náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni bàbá mi máa ń ṣáájì kọ̀ǹpútà náà. "Ó ní o ò gbọdọ̀ bá irinṣẹ́ rẹ ní òkú."

Mo gbé àpò náà kọ́ èjìká. Okùn rẹ̀ ò gùn, kò sì kúrú. Bàbá mi ti wọ̀n mí tán kí n tó já ara mi gbà.