Ọdún Tí Yèyé Hun Òwú Wọn Tán

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, tí ife òmìnira tí wọ́n pín fún wa nílé ìwé ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ Yèyé ni mò ń gbé ní Ìdó-Ilé. Yèyé yìí ni ìyá tó bí ìyá mi. Àrámọ̀kọ́ ni àwọn òbí mi wà, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, àwọn àbúrò mi sì wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni wọ́n fà lé Yèyé lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé ìgbà náà, kí arúgbó lè rí ẹni rán lọ sódò. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fi mí ránṣẹ́. Ta ní ń bi ọmọdé ní nǹkan nígbà yẹn?

Yèyé ní yàrá kan tí ènìyàn kò lè wọ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ èèwọ̀ o. Òwú ló kún ibẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ran gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá: òwú funfun, òwú aláró tó dúdú kirikiri, àti èyí tí kò gba aró dáadáa tó wá dà bí ojú sánmà. Agbọ̀n gun agbọ̀n títí ó fi kan àjà. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, kíjìpá ni gbogbo ayé ń wọ̀ lọ sóko, aṣọ tó nípọn, tó lè gba ẹ̀gún àti òjò, Yèyé sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n hun jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi fi gbọ́njú, àǹkárá àti aṣọ òyìnbó ti gba ìgboro. Ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ ń dín kù, àmọ́ ọwọ́ wọn ò mọ ìjókòó lásán. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ìrànwú ń yí lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń bá mi wí, ó ń yí. Bẹ́ẹ̀ ni òwú ṣe ń pọ̀ sí i, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Lọ́dún kan, ìyá mi wá bá wa ṣe Kérésìmesì, wọ́n sì padà sí Àrámọ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe lọ tán, Yèyé mú ìrànwú wọn, wọ́n fi há àjà. Wọ́n ní, "Mi ò ran òwú mọ́. Gbogbo òwú tó wà nínú ulé yìí á tán kí òjò tó bẹ̀rẹ̀." Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní aṣọ ni. Mo ní aṣọ ta ni? Wọ́n ní kí n lọ pọnmi.

Ẹ wá wo iṣẹ́ lójú oòrùn ọyẹ́! Wọ́n kó gbogbo òwú náà jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n ń yà á sọ́tọ̀. Èyí tó lágbára, tí kì í já, òun ni wọn yóò ta sórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó ti gbó, tí kòkòrò ti tọ́ wò díẹ̀, wọ́n ní ìyẹn lè gba àárín kọjá, nítorí òwú tó gbó dà bí arúgbó, bí àwọn ọmọ bá dúró tì í lọ́tùn-ún lósì, kò ní ṣubú. Àwọn ìṣẹ́kù tí kò gùn ju apá lọ, wọ́n ń so wọ́n mọ́ra wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí wọn ò rò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kí ló dé tí a ò kó díẹ̀ lọ sọ́jà Òkè-Mẹ̀sí. Wọ́n ní ta ni yóò rà á nígbà tí òwú òyìnbó ń dán lórí àtẹ? Mo ní ká kúkú kó o dànù. Háà! Yèyé wò mí bí ẹni pé mo ní ká kó ọmọ ènìyàn dànù.

Ìyá kan wà ní ilé kejì, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fo ohunkóhun tí kò kàn án. Nígbà tí wọ́n rí òwú náà níta, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n fà mí sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ọmọ, má ṣe fi Yèyé rẹ sílẹ̀ o. Wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni." Wọ́n ní àwọn ìyá àtijọ́ kì í fi òwú sílẹ̀ lọ, torí a lè pín aṣọ láàárín àwọn ọmọ, àmọ́ òwú kò ṣeé pín, tibí á fà, tọ̀hún á fà, ó di ìjà. Nítorí náà, arúgbó tó bá dìde tó ń hun òwú rẹ̀ tán, ó mọ ibi tó ń lọ. "Ọjọ́ tí òwú yẹn bá tán báyìí..." Wọ́n kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní nílùú náà ni Yèyé. Ṣùgbọ́n ohun tó wá rú mi lójú ni pé Yèyé ò jọ ẹni tó fẹ́ kú rárá. Wọn kì í wúkọ́. Iyán tí wọ́n ń jẹ kò dín, wọ́n tún máa ń fọbẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ ti tàn káàkiri, àwọn ènìyàn ń wá kí wọn, ẹni tó gbé ẹran ìgbẹ́ wá ń gbé e wá, ẹni tó mú iṣu wá ń mú un wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo Yèyé lójú, wọ́n á mí kanlẹ̀. Yèyé á kí wọn dáadáa, wọ́n á gba ẹran. Bí àlejò bá ti lọ, wọ́n á yíjú sí mi: "Kí ló ń ṣe gbogbo wọn ná?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ọdẹ tó ń bọ Ògún, gbọ́ lóko, wọ́n sì wálé. Wọ́n ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ìjókòó. Ta ló fẹ́ bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Wọ́n ní, "Yèyé, ṣé kò sí o?" Yèyé ní, "Kò sí. Sún kúrò níbẹ̀, o ń dí ìmọ́lẹ̀ mi." Ọkùnrin tó ń dojú kọ ẹfọ̀n nínú igbó, ó dìde, ó jáde bí ọmọdé tí wọ́n lé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé pákó ìrókò wá, wọ́n tò ó sẹ́yìn ilé. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi pákó náà kàn. Èmi ò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Yèyé jáde, wọ́n rí pákó. Ojú wọn sì tàn! "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé pákó ni mò ń wá? O ṣeun, á yẹ ọ́ kalẹ́. Pe káfíńtà kó wá kàn án ní bẹ́ẹ̀dì." Bẹ́ẹ̀dì kẹ̀? Arúgbó tó ti ń sùn lórí ẹní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí, èmi náà wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló tó jiyàn? Wọ́n pe káfíńtà.

Èmi wá jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ náà lórí kékeré mi. Bí òwú bá tán, Yèyé á lọ. Bí òwú kò bá tán ńkọ́? Mo tọrọ òwú tútù lọ́wọ́ àwọn tó gbìn ín lóko, mo yá ìrànwú àtijọ́ kan. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo wà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Níhìn-ín, òwú tí mo ran tóbi tó ìka mi; lọ́hùn-ún, ó tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn. Mo ń kì í bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n Yèyé. Bí wọ́n ṣe ń hun, ni mò ń fi kún un.

Àfi ọjọ́ tí ọwọ́ wọn kàn án. Wọ́n dúró, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Ta ló ran èyí? Ó dà bí ejò tó gbé eku mì!" Ni mo bá bú sẹ́kún. Mo ní èmi ni, mo ní mi ò fẹ́ kó tán, mo ní bó bá tán, wọ́n á kú. Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nu mí, wọ́n nu ara wọn. Wọ́n ní, "N kò ní kú báyìí, ìwọ aláìgbọ́n. Ṣùgbọ́n má ran òmíràn mọ́. Ọwọ́ mi lò ń fà sẹ́yìn, mo sì ní ẹni tí mò ń yára dè." Ẹni tí wọ́n ń yára dè! Ta ni? Lójú tèmi, ikú náà ni. Èèyàn á ní òun ò ní kú, á tún ní òun ń yára. Orí mi dàrú pátápátá. Òwú tí mo ran kò sì ṣòfò, wọ́n fi hun etí aṣọ kan, ó rí kókó-kókó.

Òjò àkọ́kọ́ kò tíì rọ̀ nígbà tí òwú tán. Wọ́n já èyí tó gbẹ̀yìn lára òfì, wọ́n gbá yàrá náà, èmi sì bá wọn fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ rẹ̀ títí tó fi dán. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ ńlá kan lé e, wọ́n ká àwọn kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ bá awakọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kan tó ń lọ sí Àrámọ̀kọ́, wọ́n ní kó sọ fún ìyá mi pé òwú ti tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yìí, mo ní ó parí. Mo di ìró wọn mú, mi ò sì fi sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán gangan ni ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ̀lẹ̀kájà. Mo sáré lọ pàdé wọn, mò ń pariwo, "Wọn ò tíì kú o! Wọ́n ṣì wà láàyè!" Ìyá mi ní, "Ta ni kò tíì kú?" Ìgbà náà ni mo tó wo ẹrù wọn. Wọ́n pọn àbíkẹ́yìn, wọ́n fa àwọn tó kù lọ́wọ́. Àpótí aṣọ wà níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ wà níbẹ̀, odó pàápàá wà níbẹ̀. Ta ní ń gbé odó lọ síbi òkú? Yèyé bọ́ síwájú, wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn wọn, wọ́n ní, "Ó ti ṣófo. Wọlé."

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì sunkún bí mi ò ṣe rí àgbà sunkún rí. Aṣọ kéékèèké wọ̀nyẹn, èyí tó ṣe rẹ́gí àbúrò mi kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó dúró níta wá mí kanlẹ̀: "Háà! Àyè ni Yèyé ń wá láti ọjọ́ yìí!" Bí ó ti yé wọn pé ìyá mi ti kó jáde nílé ọkọ ni inú wọn ru, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Àrámọ̀kọ́ lọ bá tíṣà. Yèyé ní bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n má padà sínú ilé òun mọ́. Ibẹ̀ ló parí sí. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan, Yèyé fún wọn lómi mu, wọ́n dúró níta, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n sì padà. Ìdó-Ilé ni gbogbo wa dàgbà sí.

Ẹ wò ó, ayé ti yí. Lónìí, ilé ọkọ á gbóná fún ọmọ, á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá á máa bi í pé kí lo ṣe fún un, ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àwọn ará ìjọ má gbọ́ o, ṣe sùúrù. Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí iná fóònù á fi tán, yàrá tó ṣófo wà nílé, kò sì sí ẹni tó máa ní kó máa bọ̀. Inú máa ń bí mi. Ṣùgbọ́n tiwa náà ní àbùkù tirẹ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún wa. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àrámọ̀kọ́. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ti lọ. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú lójú tèmi, mo máa ń rò ó lọ, mo máa ń rò ó bọ̀, kò yé mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ìyá mi dé, wọ́n sùn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, Yèyé sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí wọn.