Ọjọ́bọ̀ Tí Màámi Kò Kọ Lẹ́tà

Lánàá, ọmọ ọmọ mi obìnrin ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Barking Riverside, ó sáré wọlé lọ wá oúnjẹ. Bí mo ṣe tú báàgì náà kí n lè sá aṣọ ìnura tó tutù nínú rẹ̀, òórùn oògùn tí wọ́n ń dà sí omi ìlúwẹ̀ẹ́ gbá mi nímú. Mo fa àga, mo jókòó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò ó pé kí ló wà nínú òórùn lásán tí àgbàlagbà fi ní láti jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Dagenham, nílùú òyìnbó níbí náà, la ń gbé, èmi àti Màámi nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ilé ìwé wa máa ń kó wa lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́bọ̀ náà ni òtútù máa ń mú mi. Màámi ló ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí tíṣà: ẹ jọ̀ọ́, òtútù ń mú ọmọ mi. Òtútù yìí mú mi ní oṣù kìíní, ó mú mi ní oṣù karùn-ún, ó sì tún mú mi lọ́jọ́ kan tí oòrùn ràn tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà fúnra rẹ̀ ń fi ìwé fẹ́ ara. Bẹ́ẹ̀, Aládùúrà ni Màámi, kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lá àlá, ó rí mi nínú omi, ó sì ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Lójú tirẹ̀, lẹ́tà yẹn kì í ṣe irọ́, àdúrà ni.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ẹ́sítà ni mo máa ń dúró tí a bá jáde ilé ìwé, títí Màámi yóò fi dé láti Dagenham Dock, níbi tó ti ń tún ọ́fíìsì ṣe. Ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwa. Júù ni, opó ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ga jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó máa ń se ọbẹ̀ adìẹ kan tí kò lata rárá, ìtìjú ni mo fi ń lá a tán. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, á tan àbẹ́là méjì láti fi gba Sábáàtì wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màámi bá a níbi tó ti ń ka Orin Dáfídì lédè Hébérù, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ṣe àmín tó mi ilé. Láti ọjọ́ yẹn, "Ara wa ni màmá yìí" ló máa ń wí.

Àǹtí Ẹ́sítà ló ṣàkíyèsí pé aṣọ ìnura mi kì í tutù ní Ọjọ́bọ̀. Ó bi mí, mo sì tú gbogbo àṣírí. Nígbà tí Màámi dé lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Ẹ́sítà ní kó jókòó. Ó ní àwọn olùkọ́ àtijọ́ nínú ẹ̀sìn àwọn ka ohun tó jẹ́ ojúṣe òbí sí ọmọ: kó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kó kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan nínú wọn sì fi kún un pé kó kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Màámi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ ò mọ nǹkan tí mo mọ̀, mà. My brother, Délé. Omi Ẹ̀pẹ́ ló gbé e lọ. Gbogbo wa dúró sétí omi, à ń pariwo. Nobody could swim."

N kò gbọ́ rí títí di ọjọ́ yẹn pé Màámi ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Délé. Àǹtí Ẹ́sítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ Màámi mú pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn, pé òbí kò lè wà létí gbogbo omi tí ọmọ rẹ̀ máa dé. Màámi dìde, ó fà mí lọ́wọ́, a lọ sílé láìdágbére. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi bá a sọ ju ẹ káalẹ́ lọ, òtútù sì ń mú mi lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mo nawọ́ kí n gba lẹ́tà. Kò sí lẹ́tà.

"Máa lọ," ó ní, "kí n tó change my mind."

Nígbà tí a dé ibi omi, ta ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì? Màámi, nínú kóòtù òtútù, pẹ̀lú ìborí funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé Sáàmù lọ́wọ́. Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì ń wá. Ojú tì mí débi pé inú omi ni mo ń sá sí, bóyá ìyẹn náà ló jẹ́ kí n tètè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mo di etí omi mú, mo wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Màámi, mo ti ṣe é!"

"Mi ò rí i o. I couldn't look." Ó nu ojú. "Jọ̀ọ́, padà lọ, tún un ṣe. Màá wò ẹ́."

Mo tún un ṣe. Ó dúró gbọnin, ó sì wò mí títí mo fi dé.

Àǹtí Ẹ́sítà ti kú tipẹ́, àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé ilé rẹ̀. Àwọn ìyá òde òní kì í kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ́. Fóònù ni ọmọbìnrin mi fi ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ láti ilé dé ilé ìwé, n kò sì lè bá a wí, ẹ̀rù kan náà ni. Ó bi mí láìpẹ́ yìí pé ìgbà wo ni ẹ̀rù ọmọ ń tán lára ìyá. Mo sọ òótọ́ fún un. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Barking Riverside, tí mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Màámi sì ti lé ní ọgọ́rin. Àràárọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù, títí Ọlọ́run fi pè é: "Ṣé o ti gúnlẹ̀?" Kò fi ìgbà kankan sọ pé kí n má wọ ọkọ̀ náà.