Kòtíìdájú àti Iṣẹ́ Nọ́ńbà 7316

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ ló ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu nílé báyìí: Kòtíìdájú. Ohun tó fà á ni pé tó o bá bi í ní ìbéèrè, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. "Kò tíì dájú" lá kọ́kọ́ sọ. Ìyá ẹ̀ á ní kó tọ́ ọbẹ̀ wò, ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó? Á tọ́ ọ wò, á dúró, á tún bù láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, á ní, "Kò tíì dájú, Màámi."

"Kó tó dájú, ebi á ti lu wá pa," ni ìyá ẹ̀ máa ń sọ.

Èmi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Nígbà tí ìyàwó mi kú ni àbúrò mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Inú pálọ̀ ni Kòtíìdájú ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fáànù kan ń fẹ́ sí i lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà méjì wà níwájú ẹ̀, àga tèmi sì wà nítòsí ẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á máa bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ síta. Etí ẹni tó ti ka pákó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò lè jókòó lásán. Mo ra ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù, gbogbo nọ́ńbà tó bá pè ni mò ń kọ sílẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ ohun tó ń ṣe gan-an. Mo bi í lọ́jọ́ kan, ó yí àga ẹ̀ sí mi.

"Bàbá mi, kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ. Ògbufọ̀ kan ló ń túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ilé iṣẹ́ wa ló ń ṣe ògbufọ̀ yẹn. Ọdọọdún la máa ń tún un ṣe, kó lè yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Tó bá wá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀ ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ò ṣẹ nǹkan kan, iṣẹ́ tiẹ̀ ló máa bàjẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń kó iṣẹ́ àwọn èèyàn jọ ká tó gbé ògbufọ̀ tuntun jáde. Màá ní kó túmọ̀ wọn, màá wò ó bóyá ohun tí ti àtijọ́ sọ náà ló sọ."

"Iṣẹ́ àwọn wo?"

"Àwọn tá ò mọ̀ rí. Wọ́n kọ iṣẹ́ wọn tán, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu, pé kí ẹni tó bá wù máa mú un lò."

"Wọn ò gba kọ́bọ̀?"

"Wọn ò gba kọ́bọ̀."

"Mélòó niṣẹ́ ọ̀hún?"

"Èyí tí mò ń yẹ̀ wò jẹ́ 11,412, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀."

Mo ti ka pákó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé mi, ṣùgbọ́n pákó ní ẹni tó ni ín, onítọ̀hún á sì dúró tì ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ṣọ́ ọwọ́ ẹ. Àwọn wọ̀nyí gbé nǹkan sílẹ̀ lójú títì, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọ yìí wá jókòó sínú pálọ̀ ìyá ẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa bàjẹ́. Wọn ò sì mọ̀ pé ó wà láyé.

Ọdún tó kọjá, ó dá ògbufọ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án torí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tó kọ iṣẹ́ yẹn ló ṣàṣìṣe, ògbufọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ọ̀gá ẹ̀ ní tiẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu ọ̀nà lòun fi í ṣọ́, tó bá tún ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé lórí nǹkan tí ò sí, òun á fi ẹlòmíì síbẹ̀. Kòtíìdájú ò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Kò síṣẹ́ míì tó wù ú ṣe.

Ọdún yìí, aago méjìlá ọ̀sán Fúráìdè ló gbọ́dọ̀ sọ bóyá kí ògbufọ̀ jáde tàbí kó má jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti yẹ gbogbo iṣẹ́ náà wò. Bó ṣe ń ṣe é rèé: á kó gbogbo wọn sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n á ní ó ṣubú. Èyí tó bá ṣubú, á dá a gbé sórí ẹ̀rọ lóun nìkan. Tó bá tún ṣubú, ẹ̀bi ògbufọ̀ ni, wọ́n á tún ògbufọ̀ ṣe. Tó bá dìde, wọ́n á ní ariwo lásán ni, ẹ̀rọ ló rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á nu gbogbo ẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí àyè lè wà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló ṣubú, márùndínlógójì nínú wọn jẹ́ ariwo. Nígbà kejì, ogójì ṣubú, mọ́kànlélógún jẹ́ ariwo. Nígbà kẹta, mẹ́tàdínlógún ṣubú, mẹ́tàlá jẹ́ ariwo. Nígbà kẹrin, mẹ́sàn-án ṣubú, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dìde.

Àárọ̀ Tọ́sìdeè, ọ̀gá pè é lórí fóònù. Ó gbé e sórí tábìlì kí ọwọ́ ẹ̀ lè ráyè, gbogbo wa sì ń gbọ́.

"Kòtíìdájú, báwo ló ṣe lọ?"

"Mẹ́sàn-án ṣubú, Ọ̀gá. Gbogbo wọn ti dìde."

"Ariwo nìyẹn. Ṣé kí n máa kọ ìwé ìkéde?"

"Kò tíì..."

"Má parí ẹ̀. Màá pè ẹ́ padà."

Mo ti ń wo ìwé mi látìgbà tó ti ka nọ́ńbà mẹ́sàn-án yẹn síta. Èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí lẹ́nu.

"Ọmọ mi, 7316 wà nínú mẹ́sàn-án yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi. Ó ti dìde."

"Ó wà nínú mẹ́tàlá ìjẹta. Ó wà nínú mọ́kànlélógún. Ó wà nínú márùndínlógójì. Àwọn tó kù yọjú lẹ́ẹ̀kan, àwọn míì lẹ́ẹ̀mejì. Òun nìkan ló pé gbogbo ìpàdé."

Ó na ọwọ́, mo fún un níwèé. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíì, ó padà sẹ́yìn. Ọwọ́ ẹ̀ ń rìn lórí ìlà pẹ́ńsù mi bí ẹni ń ka ìwé mímọ́.

"Ẹ̀rọ ti nu èyí tó kọjá nù. Ǹ bá má mọ̀." Ó gbé ìwé sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣubú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dìde. Kí ló dé tó ń dìde?"

Ìyá ẹ̀ ń lọ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò gbé orí sókè.

"Kí ló dé tí ìwọ náà ń dìde? Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń kàwé fún wa nílé bí ẹni mu omi. Wọ́n á ní kó o wá kà á láàárín èrò, orúkọ bàbá ẹ pàápàá á fò lọ lórí ẹ."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Mi ò tún un sọ. Aṣọ mi ń jó."

Ṣùgbọ́n Kòtíìdájú ti yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ní nígbàkúùgbà tí 7316 bá ṣubú, gbogbo iṣẹ́ tó kù ló wà lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá dìde, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wá kó èrò jọ sórí ẹ̀rọ, ó ju 7316 sáàárín wọn nígbà ogójì gbáko pẹ̀lú ògbufọ̀ àtijọ́. Ìgbà tó bá ṣubú ni kí n fa ìlà. Kò ṣubú rárá. Ó tún ṣe é nígbà ogójì pẹ̀lú ògbufọ̀ tuntun. Ìgbà márùndínlógójì ló ṣubú.

Kò pariwo. Ó pe ọ̀gá, ó sọ ohun tó rí fún un àti ìwé tí mò ń kọ.

"Iṣẹ́ kan," ni ọ̀gá wí. "Nínú 11,412."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ta ló ni ín?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ti lé lọ́dún méje tó ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn."

"Ọdún tó kọjá náà, iṣẹ́ kan ni."

"Mo rántí, Ọ̀gá."

"Tó o bá fi ìka ẹ tọ́ ibi tí ògbufọ̀ ti ṣì í fún mi kó tó di aago méjìlá ọ̀la, màá dúró. Tí o ò bá rí i, ó ń jáde nìyẹn. O sì mọ ohun tí mo sọ nípa ẹnu ọ̀nà."

Mo bi í pé ibi mélòó ni wọ́n ti fọwọ́ kàn lára ògbufọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó ní ibi 812. Mo ti wá pákó kan tó sọnù nínú òkìtì rí, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

"Ìgbà mẹ́wàá ló máa gbà," ló wí.

Mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Ó ní kí n máa wò ó. Ó gé 812 sí méjì, ó mú ògbufọ̀ bó ṣe rí ní àárín méjèèjì, ó dán 7316 wò pẹ̀lú ẹ̀ nígbà ogójì. Tí kò bá ṣubú, ẹ̀bi wà nínú ìdajì tó kẹ́yìn. Tó bá ṣubú, ó wà nínú ìdajì àkọ́kọ́. Ìdajì tó bá mọ́, ó ti yọwọ́ ẹ̀ kúrò nìyẹn. 812 di 406. 406 di 203. Ó di 102, ó di 51, ó di 26. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ìyá ẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ó tutù síbẹ̀. Ó di 13, ó di 7, ó di 4, ó di 2. Lágogo mẹ́ta ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú, ó ku ẹyọ kan. Mo ka èyí tí mo kọ sílẹ̀: gígé mẹ́wàá, kò lé, kò dín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka òkìtì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àtúnṣe nọ́ńbà 577 ni. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí oúnjẹ. Ògbufọ̀ àtijọ́ á gbé abọ́ sílẹ̀ kó tó bu ọbẹ̀. Kí nǹkan lè yá, 577 ní kí ẹni kan máa gbé abọ́ bọ̀, kí ẹlòmíì ti máa bu ọbẹ̀. Tí ilé ìdáná bá ṣófo, abọ́ á tètè dé. Tí èrò bá kún ibẹ̀, abọ́ á pẹ́ lọ́nà, ọbẹ̀ á sì dà sílẹ̀.

Ó pe ọ̀gá, ó sọ nọ́ńbà náà fún un. Ọ̀gá ní kó tún nọ́ńbà ọ̀hún pè, ó tún un pè.

"Èmi ni mo ṣe 577," ló wí níkẹyìn.

"Mo rí i, Ọ̀gá."

"O rí i, o ò sọ?"

"Ohun tó ṣì lẹ ní kí n wá, ẹ ò ní kí n wá ẹni tó ṣì í."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kọ orúkọ mi síbẹ̀, kí gbogbo wọn rí i. A ò jáde lọ́la. Ó di Túsìdeè. Ìwé tó o ní bàbá ń kọ yẹn, sọ fún wọn kí wọ́n má jù ú nù."

Wọ́n tún un ṣe. Kòtíìdájú kó gbogbo 11,412 padà sórí ẹ̀rọ. Ó tún ju 7316 sáàárín èrò nígbà ogójì, kò sí ìlà kan tí mo fà.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó bi í pé kí ni 7316 ń ṣe gan-an. Òun náà ò tíì wò ó. Ó ṣí i. Ẹnì kan ló kọ ọ́ fún àwọn tí ò ríran, kó máa pè é sí wọn létí pé oògùn báyìí ló kàn, hóró báyìí ni kí wọ́n lò. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, èèyàn 2,306 ló ti mú un lò. Kòtíìdájú kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, kò rí èsì. Bóyá onítọ̀hún ti gbàgbé, bóyá ó ti kú, a ò mọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ṣì ń pe oògùn fún àwọn èèyàn.

Túsìdeè, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ògbufọ̀ jáde.

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó dáa?" ni mo bi í.

"Tẹ́nikẹ́ni ò bá kọ̀wé sí wa, Bàbá mi, á jẹ́ pé ó dáa."

Mo ṣí ojú ewé tuntun. Túsìdeè, ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé. Wẹ́sìdeè, ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé. Mò ń bi í láràárọ̀, ó ń mi orí, mò ń kọ ọ́. Òní ló pé ọjọ́ kẹjọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé.