Ọ̀gá Tó Ní Kí Ara Rẹ̀ Lọ Rọ́ọ́kún Nílé

Òjò ti ṣú ní Eneka, ní Port Harcourt, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá Adékọ̀yà ní kí ara rẹ̀ lọ rọ́ọ́kún nílé.

Moríyọ̀, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé, ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tó rí i. Bàbá jókòó síta géètì, lórí àga onírin. Kóòtù lọ́rùn. Fáìlì lórí itan. Ó ń wo ilé tó fi òógùn ara rẹ̀ kọ́ bí àlejò tí wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún.

"Bàbá, ẹ wọlé. Òjò ń bọ̀."

"Mi ò lè wọlé, ọmọ mi. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta."

Iṣẹ́ wo? Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti fẹ̀yìntì. Moríyọ̀ wo ara géètì. Ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Bàbá ti ṣèlérí pé òun yóò máa jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ láti rìn yí àdúgbò po. Ó sùn gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá fún un ní kúẹ́rì. Ó fèsì. Èsì kò tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn. Òun ló fọwọ́ sí kúẹ́rì. Òun ló fọwọ́ sí èsì. Òun náà ni èsì kò tẹ́ lọ́rùn.

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Abọ́sẹ̀dé, jáde pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́.

"Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ rọ́ọ́kún nílé. Nílé ta? Ṣebí ilé nìyí."

"Ọ́fíìsì nìyí. Ẹni tí wọ́n dá dúró kò gbọdọ̀ tẹ ọgbà ilé iṣẹ́."

"Ẹ bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé."

"Ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì."

"Ibo ló lọ?"

"Wọ́n ti dá a dúró."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tamunotonye, káfíńtà òdìkejì títì, yọrí lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Oga Koya, enter house na. Rain go beat you o."

"Make e beat me," Bàbá dá a lóhùn. "Na so dem write am."

Màmá yí padà, ó wọlé. Nígbà tó máa jáde, agboòrùn wà lórí rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó kọ sí i nìyí: Èmi, Abọ́sẹ̀dé Adékọ̀yà, adelé ọ̀gá níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì, mo dá òṣìṣẹ́ yìí padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ìṣẹ́jú yìí lọ. Bàbá kà á nínú òjò. Ó wá àṣìṣe inú rẹ̀ títí.

"Kò sí òǹtẹ̀."

Màmá fa òǹtẹ̀ yọ nínú ìró. Ìwé ti rin gbingbin, kò gba nǹkan kan mọ́. Ni ó bá tẹ òǹtẹ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Bàbá dìde, ó ká àga rẹ̀. "Ẹ ṣé, mà," ó wí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní mà.

Gbogbo Eneka ló mọ ìtàn yẹn. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọn ò mọ̀.

Ìwé ló gbé Bàbá Adékọ̀yà wá sí Port Harcourt. Lọ́dún 1999, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe ní Ìbàdàn nígbà tí ìwé dé láti Àbújá. Ọdún méjì péré, wọ́n ní. Ọdún méjì náà di mẹ́rìnlá. Ìwé ló ń sọ ibi tí yóò sùn fún un. Ìwé ló ń sọ ìgbà tí yóò sinmi. Kódà, ìwé ló sọ fún un pé ó ti dàgbà.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ó wẹ̀, ó wọ kóòtù, ó jókòó sí pálọ̀. Ó ń dúró. Kí ló ń dúró dè? Òun gan-an kò mọ̀. Oṣù mẹ́ta. Oòrùn á gba ojú fèrèsé kan wọlé, á gba òmíràn jáde, Bàbá á sì wà lórí àga bí ẹrù tí ẹlẹ́rù gbàgbé sí gáréèjì. Ní oṣù kẹrin, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Abọ́sẹ̀dé, kò sẹ́ni tó ń kọ̀wé bọ̀."

Ó gba ọjà Mile One lọ. Ó ra fáìlì méjìlá, ó ní kí wọ́n gbẹ́ òǹtẹ̀ kan fún òun. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Ọ̀gá náà sì le.

Nígbà tó tó àkókò ìgbéga, kò gbà kí wọ́n kàn fi ta òun lọ́rẹ. Ó gbé àga méjì kọjú síra nínú pálọ̀. Á jókòó sórí èkíní, á béèrè ìbéèrè. Á dìde, á jókòó sórí èkejì, á fèsì. Wákàtí kan gbáko. Màmá Abọ́sẹ̀dé pe Moríyọ̀ kó wá yọjú lójú fèrèsé, kó má di pé òun nìkan ló rí i. Nígbà tí Bàbá jáde, òógùn ti bò ó.

"Bàbá, ṣé ẹ yege?"

"Mo féèlì."

"Kí ni wọ́n bi yín?"

"Wọ́n ní kí ni mo ti ṣe láti ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ẹ ṣe."

Moríyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi dé yàrá rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín náà kú.

Nítorí òun náà ń dúró. Ọmọ ọlọ́pàá ni. Ìkìrun ni bàbá rẹ̀ ti wá, Port Harcourt ni wọ́n bí òun sí. Ó ka kẹ́mísírì jáde ní yunifásítì, ó gbé ìwé ẹ̀rí lọ sí ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Alesa. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Go house. We go call you." Ó lọ sílé. Ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Fóònù kì í kúrò lára rẹ̀. Ó ń fi ọ̀rá wé e wọ balùwẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ padà sí Ìkìrun, kò tẹ̀ lé wọn, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára. Kò gba ṣọ́ọ̀bù. Kò tilẹ̀ gbin ilá, torí ta ni yóò ká a bí wọ́n bá pè é? Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Lọ́dún tí èérún èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti ojú ọ̀run, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní súùtù, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé ń dúdú nínú ilé tí wọ́n ti gbá, tí aṣọ funfun di aṣọ ọ̀fọ̀ lórí okùn, Moríyọ̀ ló po ọṣẹ olómi tó ń ṣí i kúrò. Gbogbo àdúgbò ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Tà á," ni Màmá Abọ́sẹ̀dé wí.

"Màmá, tí mo bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá pè mí ńkọ́?"

"Wàá gbé fóònù náà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Moríyọ̀ mú ìwé àti bírò, ó tọ Bàbá lọ. Ó fi ṣe eré. Ohùn rẹ̀ kò rí bí ohùn eré.

"Bàbá, ẹ bá mi kọ ọ́. Ìwé ìgbaniṣíṣẹ́. Kẹ́ ẹ lu òǹtẹ̀ sí i."

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ìka wo fáìlì méjèèjìlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù.

"Fáìlì rẹ kò sí lọ́dọ̀ mi."

"Ọ̀dọ̀ ta ló wà?"

"Ìwọ ni kó o rántí ibi tó o gbé e sí."

Inú bí i. Ọjọ́ méjì, kò kí i. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí ìwé lára ilẹ̀kùn pálọ̀. Bàbá ti fún ara rẹ̀ ní kúẹ́rì nítorí pé ó mú ọmọ ọlọ́mọ bínú. Èsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: Mo jẹ̀bi. Bí wọ́n bá tún bi mí, ohun tí màá sọ náà nìyẹn.

Ìsinmi ọdún yẹn, Bàbá ní òun fẹ́ rí òkun ní Bonny. Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Bàbá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó borí. Màmá ń bẹ̀rù omi, kò sì yẹ kí ọ̀gá máa gbé fáìlì fúnra rẹ̀. Ó ní kí Moríyọ̀ wá ṣe akọ̀wé.

"Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí lórí omi."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo béèrè."

"Ẹni tó béèrè ọ̀nà ti fẹ́ lọ nìyẹn."

Ó lọ. Ọkọ̀ ojú omi náà kúrò ní èbúté, ariwo ọjà sì ń rọ̀ lẹ́yìn wọn bí rédíò tí ẹnì kan ń rọra pa. Omi. Àwọn igi inú irà tí gbòǹgbò wọn dúró sórí omi bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ẹyẹ funfun kan tí kò ṣe bí ẹni tó rí wọn. Moríyọ̀ ń wo ojú fóònù. Ìlà mẹ́ta. Ìlà kan. Kò sí nǹkan kan. Ó na fóònù sókè, kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tó ti di mọ́ ọn léjìká láti ọdún mẹ́rin tú díẹ̀, bí okùn ìgbàdí tí ẹnì kan ń tú fún un láti ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó lè pè é níbí. Ó wà láàyè síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan omi, omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá òun sùn tàbí òun kò sùn.

Ní Bonny, Bàbá ká ṣòkòtò sókè, ó dúró nínú ìgbì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó ní kí akọ̀wé kọ ìròyìn sílẹ̀. Moríyọ̀ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: A dé ibẹ̀. Òkun wà. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n padà dé èbúté, fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wọlé ní gbogbo ọjọ́ náà. Ilé iṣẹ́ fóònù ló ní kó yan orin tí yóò máa dùn létí àwọn tó bá ń pè é.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Moríyọ̀ ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ. Fún ìgbà díẹ̀ ná, ó ní, títí wọ́n á fi pè é. Bàbá ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Bàbá náà ló kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀sùn: ìdérí kẹ́ẹ̀gì ń jò. Moríyọ̀ kọ èsì gbígbóná. Ó pààrọ̀ ìdérí náà síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló sì wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì. Màmá ló ń gbé ìwé fún wọn, títí tó fi ní kí wọ́n fún òun náà ní ìsinmi ọdún.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ọdún mẹ́rin mìíràn. Ọṣẹ náà dé ilé ìtura méjì àti ilé ìwé kan. "Fún ìgbà díẹ̀ ná," ni Moríyọ̀ ń wí.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 2021 ni Bàbá Adékọ̀yà kú, lórí àga pálọ̀, nígbà tó ń sinmi ọ̀sán. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń gbọ́ nǹkan tó dùn láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Etí sàréè ni Màmá Abọ́sẹ̀dé ti wí pé, "Ọkùnrin tí kì í lọ ra búrẹ́dì láìkọ̀wé sílẹ̀. Ó lọ, kò fi nọ́tíìsì sílẹ̀." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kálukú wá ibi tí yóò gbójú sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́, fóònù Moríyọ̀ dún. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ. Ó nù ún, ó gbé e. Obìnrin kan ni, láti ilé iṣẹ́ ọ̀nà Alesa. Kó wá ní Monday, aago mẹ́jọ, pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ó lé lọ́dún mẹ́jọ tó ti ń gbọ́ ohùn yìí nínú oorun. Ó ti mọ ohun tí òun yóò sọ: Yes ma, thank you ma, God bless you ma. Ó ya ẹnu. Nǹkan mìíràn ló jáde.

"Which kind work, ma?"

"Contract staff. Three months first."

"And after the three months?"

"Madam," obìnrin náà wí, "na you dey interview us?"

"I just dey ask, ma. I get work wey I dey do."

Wọ́n dágbére fúnra wọn. Moríyọ̀ dúró nínú ọgbà, fóònù lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. I get work. Ẹ̀rín mú un. Ó rín in débi pé ó ní láti di ògiri mú. Màmá Abọ́sẹ̀dé jáde síta.

"Moríyọ̀, kí ló dé?"

Ó sọ fún un. Màmá náà bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú. Àwọn méjèèjì jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń nu ojú. Ẹ̀rín á fẹ́ tán, ọ̀kan á wo èkejì, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Tamunotonye, ó pọ́n bí epo nínú súùtù.

"Kí ni ìwọ wá fẹ́?" Màmá bi í.

Moríyọ̀ kò ronú.

"Ṣọ́ọ̀bù, Màmá. Ní ọjà Oil Mill. Kí orúkọ mi wà lára rẹ̀."

"Nígbà wo la máa lọ wò ó?"

"Lọ́la."

Màmá wọlé. Ó gbé bàtà rẹ̀ tó dára jù lọ jáde, ó jókòó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Moríyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ká ní Bàbá wà ni, yóò ti wọ kóòtù báyìí, yóò ti máa bi wọ́n pé kí ló ń dá wọn dúró. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Màmá kàn sún díẹ̀ lórí pèpéle, bí ẹni ń fi àyè sílẹ̀.