Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Lójú Fèrèsé Mi

Iyẹ̀pẹ̀ sàréè ọkọ mi kò tíì gbẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gba ilẹ̀ tí olóògbé fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ fún mi ní Ọ̀mù-Àrán. Èkó ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, owó epo sì ń ṣàn níbẹ̀ nígbà náà. Ó kó o wálé, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, ó sì sún un mọ́ ilé mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé fàráńdà rẹ̀ ni mò ń wò láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi ò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìlú wá le, wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, ó padà wálé pátápátá. Ooru kì í jẹ́ kó sùn lóru. Ìdájí ló máa ń rí oorun sùn, lórí ẹní ní fàráńdà yẹn.

Ìyàwó olùkọ́ kan ní Òrò ti ní kí n rán kọ́tìnnì tó ń ká sókè ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po fún òun rí. Mo rán irú rẹ̀ fún fèrèsé mi. Ó wá ku ohun tí yóò máa fà á. Káfíńtà ní okùn tín-ín-rín ló dára jù, kí n rán òrùka kéékèèké sẹ́yìn aṣọ, kí okùn máa gba inú wọn kọjá.

"Kò ní dún rárá, Màmá."

"Èwo ló ń dún jù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá mo jọ ẹni tó ń ṣeré. Ló bá júwe ilé oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún mi.

Oníkẹ̀kẹ́ fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà kọ́ irin tí yóò máa ká okùn náà, ṣéènì yẹn ni màá sì máa fà. Ó fẹ́ ta epo sí i, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà, ní ìdájí, mo ń fà á: kìrìrìrì! Màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá tún fà á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á ta gìrì dìde ní fàráńdà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Inú mi á dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó wọlé mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó mú ìgò epo kékeré lọ́wọ́.

"Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́, ta èyí sí nǹkan yẹn."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ta gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi lójú rẹ̀.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn náà ni?"

"Ilẹ̀ wo, ọkọ mi?"

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè jí.